Ẹni tó la ọ̀nà dé ìdí igi tó tóbi jù láyé, Èkó wa níbí ló kú sí!

Àwọn tó bá ń ka ojú ewé lẹ́tà wa dáadáa á rántí àríyànjiyàn tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan ló kọ̀wé pé òun gbọ́ pé igi kan wà l'Amẹ́ríkà tí mọ́tò ń gba inú rẹ̀ kọjá. Lọ́sẹ̀ kejì, káfíńtà kan láti Ṣàgámù dá a lóhùn. Ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun ti ń fi ayùn jẹun, kò sí irú igi bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ọ̀run, kí àwa oníwèé ìròyìn yéé gba irọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti òkè òkun dé. Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Lẹ́tà ń rọ́ dé bí òjò: àwọn kan ní òótọ́ ni, àwọn kan ní irọ́ gbáà ni.

Èmi ò dá sí i nígbà náà. Àmọ́ ìròyìn ò tó àfojúbà, àìrìn jìnnà sì ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo ti dé igbó náà. Lóṣù Keje ọdún 2022 ni mo fẹsẹ̀ ara mi tẹ̀ ẹ́, tí mo sì fojú ara mi rí ohun tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mọ́tò tó ń gba inú igi, màá sọ òdodo rẹ̀ fún yín kí n tó gbé gègé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi jókòó kọ ìwé yìí ju ìyẹn lọ. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin dúdú kan ni. Òun ló la ọ̀nà wọ igbó náà lọ́dún 1903, Èkó wa níbí ló sì kú sí. Mélòó nínú wa ló gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

WỌ́N NÍ KÁ LỌ WO IGI

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fà á. Pákó ló ń tà n'Íbàdàn, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀ pé obìnrin náà kò nílò tépù. Bó bá ti fojú wo gẹdú báyìí, á sọ iye pákó tó máa jáde níbẹ̀ fún ẹ, á sì sọ èyí tí kòkòrò ti jẹ nínú. Ọmọ rẹ̀ tó wà nílùú Fresno, ní ìpínlẹ̀ California, ló bímọ, ni ẹ̀gbọ́n mi bá lọ bá a wẹ ọmọ. Èmi náà wà lọ́dọ̀ ẹbí lápá ibẹ̀ lásìkò yẹn. Nígbà tí ọmọ pé ogójì ọjọ́, ọkọ ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ kí wa láàárọ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti pẹ́ jù nínú ilé. Ẹ̀yin àti Dádì, ẹ jẹ́ ká gbé yín lọ wo igi."

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí. Ó ní, "Igi kẹ̀? Ṣé torí igi ni mo ṣe wọ bàálù wá? Èwo ni mi ò tíì rí nínú igi?"

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe lọ. Ibi tí à ń lọ, igbó ìjọba ni, Sequoia National Park lorúkọ rẹ̀. Sequoia yẹn náà lorúkọ irú igi tó wà níbẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, dọ́là 35 ni wọ́n gbà lórí mọ́tò kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Owó ká tó wo igi! Mo ti ń jẹ gbèsè látọjọ́ tí mo ti ń tà á nìyẹn."

Láti ẹnu ọ̀nà yẹn, òkè lẹ ó máa gùn. Ọ̀nà náà lọ́ bí ejò: ẹ yí sí ọ̀tún, ẹ yí sí òsì, ọ̀gbun ní ẹ̀gbẹ́ kan, àpáta ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Etí wa dí. Ooru tó mú wa ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ pòórá, òtútù bẹ̀rẹ̀. Ibi tí àwọn igi náà wà ga ju ojú òkun lọ ní ẹsẹ̀ bàtà tó lé ní 6,000.

A dúró lójú ọ̀nà níbi àpáta ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Hospital Rock. Ihò rogodo-rogodo ló wà lójú àpáta ibẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi odó gbẹ́ ẹ. Odó ni lóòótọ́! Àwọn ẹ̀yà Mono, àwọn onílẹ̀ tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, àwọn obìnrin wọn ló ń gún èso igi kan níbẹ̀ tí wọn yóò fi ṣe oúnjẹ. Èso náà korò. Bí wọ́n bá gún un tán, wọ́n á máa da omi sí i léraléra kí kíkorò rẹ̀ tó jáde, bí àwa náà ṣe ń rẹ gbágùúdá. Ẹ̀gbọ́n mi lóṣòó, ó ki ọwọ́ bọ inú ihò kan, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìgbúnwọ́. Ó ní, "Àpáta ni wọ́n gún dé ibí yìí? Obìnrin ṣiṣẹ́ o!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àwọn onílẹ̀ wọ̀nyí. Wọ́n máa ń tiná bọ igbó wọn díẹ̀díẹ̀ lásìkò tó yẹ. A óò padà síbẹ̀.

IGI KAN, PÁKÓ 50,000!

Nígbà tí a dé òkè, a gbé mọ́tò kalẹ̀, a fẹsẹ̀ rìn wọ inú igbó ní nǹkan bí ìdajì máìlì. Kí á tó dé ìdí igi náà gan-an, wọ́n ti fi òkúta ya bí ìdí rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró létí rẹ̀, ó wọn ọ́n lẹ́sẹ̀-lẹ́sẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ó ti rìn jìnnà kó tó débẹ̀. Ó yíjú sí mi, kò sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 36 ni. Ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ báa yín ṣírò rẹ̀: yàrá mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ẹ tò ó síra wọn, ìdí igi kan ṣoṣo nìyẹn.

A gbójú sókè, òun rèé.

General Sherman ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ọ̀gágun kan tó jagun abẹ́lé wọn. Igi náà pọ́n bí osùn. Wọ́n fi igi ṣe ọgbà yí i ká kí èèyàn má baà tẹ gbòǹgbò rẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 275. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, tí ẹ bá pín gíga Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún, igi yìí ga tó mẹ́rin níbẹ̀. Kì í ṣe òun ló ga jù nínú igi láyé, kì í sì ṣe òun ló dàgbà jù. Ṣùgbọ́n tó bá di iye igi tó wà lára, gbogbo ayé ò ní èkejì rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ ń lọ sí ọdún 2,200. Ìyẹn ni pé kí wọ́n tó bí Ànábì Ísà, tí àwọn onígbàgbọ́ ń pè ní Jésù, ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lórí ìdúró.

Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tó ń ṣe, ìṣirò ni. Wọ́n kọ ọ́ sí ojú pátákó níbẹ̀ bí igi náà ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ mú pákó tó nípọn ní ínṣì 1, tó fẹ̀ ní ínṣì 12, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Tí a bá ní ká la igi yẹn sí irú pákó yìí, ká má ka èyí tí ayùn máa jẹ, á lé ní 52,000. Láti ara igi kan!

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Á kún gbogbo ìsọ̀ Bódìjà, kò ní gbà á." Ó tún wò ó lókè-nílẹ̀. Ó ní, "Ta ló ni ín?"

Ọkọ ọmọ rẹ̀ ní, "Ìjọba ni, Mọ́mì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé e."

"Ṣé kò sẹ́ni tó dán an wò rí ni?"

Wọ́n dán an wò o. Ẹ fetí sílẹ̀.

WỌ́N FI AṢỌ ÒKÈ NULẸ̀

Láti nǹkan bí ọdún 1853 ni àwọn òyìnbó ti ń gé irú àwọn igi yìí ní California. Àwọn tó kọ́kọ́ gé wọn, wọ́n fẹ́ fi han ayé ni. Lọ́dún 1876, wọ́n kó ara ọ̀kan lọ síbi ìpàtẹ ńlá kan nílùú Philadelphia. Àwọn èèyàn wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n ní ńṣe ni àwọn ará California lẹ igi kéékèèké pọ̀. Ẹ ò rí i pé káfíńtà Ṣàgámù wa kò nìkan wà!

Lọ́dún 1891, wọ́n tún gé ọ̀kan tó ti lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún. Wọ́n gé abala rẹ̀ kan lọ sí New York, wọ́n gbé abala kan lọ sí London. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní London, ẹ ní kí wọ́n lọ sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀dá tó wà ní South Kensington. Ó wà níbẹ̀ títí dòní.

Lẹ́yìn náà ni àwọn agégẹdú wá ya bò wọ́n. Odindi igbó kan tí wọ́n ń pè ní Converse Basin, tí kò jìnnà sí ibi tí a lọ, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e tán pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ àṣírí ibẹ̀: igi náà kò ṣe é là dáadáa. Igi tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, tó bá wó lulẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́ bí ìkòkò. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n kó ẹ̀ka igi tẹ́ ẹ bí ibùsùn kó lè rí ibi rọra ṣubú sí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ń fọ́. Èyí tí wọ́n rí mú níbẹ̀, òpó ọgbà ni wọ́n fi ṣe, àti pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé, àti igi tí wọ́n fi ń gbé àjàrà dúró lóko. Èyí tó fọ́, wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó gé wọn gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ jèrè.

Nígbà tí mo ń ka èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, ó gbọn orí. Ó ní, "Ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, wọ́n wá fi gbé àjàrà dúró? Aṣọ òkè ni wọ́n fi nulẹ̀ yẹn."

Nígbà tí ariwo pọ̀, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1890, pé igbó ìjọba ni ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gégi níbẹ̀ mọ́. Láti ọdún 1891, sójà ni wọ́n ń rán lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún láti ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òfin wà, ọ̀nà ò sí. Ọdún lé ní mẹ́wàá tí wọ́n ti sọ ọ́ di igbó ìjọba, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kò lè débẹ̀. Gbogbo ọ̀nà tí àwọn sójà là kò tó nǹkan. Ohun tí àwọn èèyàn ò rí, wọn kì í bá èèyàn jà fún un.

KÁPÍTÉNÌ CHARLES YOUNG DÉ

Lọ́dún 1903, wọ́n rán kápíténì kan láti San Francisco pé kó lọ ṣe alákòóso igbó náà. Charles Young lorúkọ rẹ̀, èèyàn dúdú ni. Òun ni èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe olórí irú igbó ìjọba bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Àwọn sójà tó kó lọ, dúdú ni gbogbo wọn. Àwọn ni wọ́n ń pè ní Buffalo Soldiers, àwọn tí Bob Marley fi orúkọ wọn kọrin.

Ẹ gbọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Oko ẹrú ni wọ́n bí i sí, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, lọ́dún 1864. Bàbá rẹ̀ sá kúrò lóko ẹrú lọ wọṣẹ́ sójà kó lè gba òmìnira. Ọmọ náà kàwé, ó sì wọ West Point, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá sójà. Ó jáde níbẹ̀ lọ́dún 1889. Èèyàn dúdú méjì péré ló jáde níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Nígbà tí Young dé igbó yìí, kò fi àkókò ṣòfò. Ó kó àwọn sójà àti àwọn tí wọ́n ń sanwó iṣẹ́ fún jọ, wọ́n dojú kọ òkè náà. Àpáta ni, ọ̀gbun ni. Kó tó di ìparí oṣù Kẹjọ, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ti wọ inú igbó àwọn igi ràbàtà náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohun tí ó ṣe nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan ju ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ṣe ní ọdún mẹ́ta pa pọ̀ lọ. Kò tán síbẹ̀ o. Ó kọ̀wé sí ìjọba pé ilẹ̀ àdáni ṣì wà láàárín igbó náà, kí wọ́n rà á kó má baà bọ́ sọ́wọ́ agégẹdú.

Inú àwọn ará ìlú dùn, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sọ igi kan. Ọkùnrin náà kọ̀. Ó ní tó bá ṣì wù wọ́n lẹ́yìn ogún ọdún, kí wọ́n ṣe é nígbà náà. Ó ní tó bá jẹ́ dandan ni, kí wọ́n fi sọ Booker T. Washington, olùkọ́ àgbà àwọn èèyàn dúdú. Bí igi Booker T. Washington ṣe débẹ̀ nìyẹn. Ọdún 2004 ni igi Young tirẹ̀ tó débẹ̀. Ọdún kan lé lọ́gọ́rùn-ún!

Ẹ̀gbọ́n mi dá wa dúró láàárín ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Ó ní, "Ó kú iṣẹ́." Àwọn òyìnbó tó ń kọjá ń wò wá.

ÌRÌN ÀJÒ TÓ PARÍ S'ÉKÒÓ

Ìtàn Young kò dùn délẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní kan Amẹ́ríkà lọ́dún 1917, òun ni ipò rẹ̀ ga jù nínú gbogbo sójà dúdú wọn. Ó kù díẹ̀ kó di ọ̀gágun pátápátá. Àwọn ọ̀gá sójà funfun kan ti ń ráhùn pé àwọn ò ní gba àṣẹ lẹ́nu èèyàn dúdú. Àfi bí dókítà ṣe ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu, ni wọ́n bá ní kó lọ sinmi. Kí ni Young ṣe? Ó gun ẹṣin láti ilé rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio lọ sí Washington, olú ìlú wọn, kí wọ́n lè rí i pé ara òun le. Ó sún mọ́ 500 máìlì! Bí ẹni gun ẹṣin láti Èkó wọ ìhà Kàdúná ni. Wọ́n rí i, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ìgbà tí ogun ku ọjọ́ díẹ̀ kó parí ni wọ́n tó pè é padà.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n rán an lọ sí Làìbéríà, kó lọ ṣe aṣojú ológun wọn níbẹ̀. Ìbẹ̀ ló ti wá sí Nàìjíríà wa fún iṣẹ́ ìjọba wọn. Àìsàn kíndìnrín dá a wó. Ọjọ́ 8, oṣù Kìíní, ọdún 1922 ló kú ní ọsibítù ní Èkó. Ọmọ ọdún 57 ni. Èkó ni wọ́n sin ín sí pẹ̀lú ẹ̀yẹ ológun. Ìgbà tó di ọdún 1923 ni wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ padà sí Amẹ́ríkà, wọ́n tún un sin sí Arlington, níbi tí wọ́n ń sin àwọn akọni wọn sí. Ipò ọ̀gágun tí wọ́n fi dù ú nígbà ayé rẹ̀, oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n ṣe ayẹyẹ rẹ̀ fún un ní West Point. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tó kú, oṣù mẹ́ta péré kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó dé ìdí igi náà.

Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé Èkó ni, kò kọ́kọ́ gbà mí gbọ́. Ó ní, "Èkó wo? Èkó ti wa yìí? Àlejò tó tó báyìí kú sílé wa, kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọ rẹ̀?"

INÁ TÓ Ń BÍ WỌN, INÁ TÓ Ń PA WỌ́N

Ibi tó ya èmi lẹ́nu jù rèé. Bí a ṣe ń rìn lọ, mo rí i pé dúdú ni ìdí ọ̀pọ̀ igi náà, ó jó. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ta ló ń dáná sídìí wọn?" Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ṣa èso igi náà kan nílẹ̀. Kò ju ẹyin adìẹ lọ. Ó ti ń tú báàgì rẹ̀ pé òun á gbé e lọ hàn wọ́n n'Íbàdàn nígbà tí obìnrin aṣọ́gbó kan rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ó rọra sọ ọ́ pé òfin kò gbà kí á mú ohunkóhun kúrò níbẹ̀, kódà ewé. Ẹ̀gbọ́n mi dá a padà sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Obìnrin náà wá ṣàlàyé, ọkọ ọmọ ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

Ó ní hóró tó wà nínú èso yẹn kéré débi pé 91,000 ló máa wọn pọ́n-ùn kan ṣoṣo. Èso náà á di ara rẹ̀ pa, ó lè wà lórí igi bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún. Kí ló ń ṣí i? Iná! Ooru iná tó ń jó nílẹ̀ ló ń gbẹ ẹ́ tó fi ń là, hóró á dà sórí eérú tí koríko ti jó kúrò, á sì rí oòrùn. Igi àgbà ní tirẹ̀, èèpo ara rẹ̀ lè nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, iná kékeré kò lè rí i gbé ṣe.

Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó kò mọ̀. Bí iná bá ti sọ, wọ́n á sáré pa á. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àwọn ń dáàbò bo igi. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, àwọn onímọ̀ wò yíká: igi àgbà wà, ọmọ igi kò sí! Gbogbo igi wẹ́wẹ́ mìíràn àti ewé gbígbẹ tí iná kékeré ìbá ti jẹ, ó ti wọ́ jọ síbẹ̀ bí òkìtì. Lọ́dún 1968 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara wọn tiná bọ igbó náà, díẹ̀díẹ̀, lásìkò tó yẹ. Ohun tí àwọn obìnrin tó gún odó lójú àpáta àti àwọn ọkọ wọn ti mọ̀ tipẹ́ ni.

Wọn ò rí i ṣe kárí. Ọ̀dá òjò dé, ooru ayé ń pọ̀ sí i, òkìtì igi gbígbẹ sì ń dúró de ẹni tó máa ṣáná sí i. Lọ́dún 2020, mànàmáná ṣáná sí i. Iná tí wọ́n pè ní Castle Fire kì í ṣe iná ilẹ̀, iná tó gun orí igi ni. Nínú àwọn igi Sequoia ńláńlá, 7,500 sí 10,600 ló kú. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, mànàmáná tún ṣe é. Àwọn panápaná sáré dé ìdí General Sherman, wọ́n fi bébà onípáànù dídán wé ìdí rẹ̀ bí ẹni wé ọmọ tuntun. Ìyẹn yè. Ṣùgbọ́n àwọn tó kú níbòmíràn lọ́dún yẹn tún tó 2,261 sí 3,637. Tí ẹ bá kó igi ńlá 100 jọ, 13 sí 19 ló lọ láàárín ọdún méjì péré. Igi tó ti rí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì!

Obìnrin náà ní ohun kan tó gba igbó tí a dúró sí yẹn là ni pé wọ́n ti ń tiná bọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ọkọ ọmọ òun sọ fún un pé, "Ọmọ tí wọn ò bá jẹ́ kí ìyà kékeré kankan kàn án, ìyà ńlá ló ń pa á."

Obìnrin aṣọ́gbó yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní òun á máa fi sọ fún àwọn àlejò.

ÈSÌ FÚN KÁFÍŃTÀ ṢÀGÁMÙ

Ó wá ku ọ̀rọ̀ mọ́tò. Bàbá káfíńtà, òótọ́ ni o! Èyí tó lókìkí jù wà ní igbó ìjọba mìíràn tí wọ́n ń pè ní Yosemite, ní California kan náà. Lọ́dún 1881 ni wọ́n lu ihò sí ìdí igi Sequoia kan lórí ìdúró, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ń gbà á, mọ́tò náà wá ń gbà á. Ṣùgbọ́n ní ìgbà òtútù ọdún 1968 sí 1969, yìnyín wọ̀ ọ́ lórí, ó wó. Igi tí wọ́n ti lu ní ihò, kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ti Sequoia tí àwa lọ yàtọ̀. Igi náà ló fúnra rẹ̀ wó dí ojú ọ̀nà lóṣù Kejìlá ọdún 1937. Wọn ò lè gbé e. Lọ́dún 1938, wọ́n gé ihò sí i láàárín, fífẹ̀ rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 17, gíga rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 8. A gbé mọ́tò wa gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó fọwọ́ kan pákó rẹ̀, ó ní, "Kò jẹrà." Ẹlẹ́rìí mi nìyẹn. Nítorí náà, ẹ fún ẹni tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó wá ní, "Àbúrò, mo ti ta igi fún ọgbọ̀n ọdún, mi ò bi ẹnikẹ́ni rí pé ta ló ń ṣọ́ wọn." Èmi náà ò rí èsì fún un.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn tó ṣọ́ ti ibẹ̀, mo mọ̀ ọ́n báyìí, ẹ̀yin náà sì ti mọ̀ ọ́n. Ilé wa ló ti kú. Ẹ̀yin ọmọ Èkó, ẹ̀yin àgbà tí bàbá yín tàbí ìyá yín bá sọ ohunkóhun fún nípa ọ̀gá sójà dúdú ará Amẹ́ríkà kan tó kú ní ọsibítù lóṣù Kìíní ọdún 1922, ẹ kọ̀wé sí ojú ewé lẹ́tà. Kí bàbá káfíńtà Ṣàgámù náà kọ̀wé, kó wí tẹnu rẹ̀. À ń retí yín.